Ajá tó ń họra: kí ẹ tó dá oúnjẹ lẹ́bi

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Abo ajá ni tèmi, Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́, ó ti pé ọdún méjì ààbọ̀. Láti bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ló ti ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáá, pàápàá lóru. Ìró lílá yẹn kì í jẹ́ kí n sùn. Ó ń gbọn orí, etí rẹ̀ ń rùn, abíyá rẹ̀ ti pọ́n. Wọ́n fún un ní prednisolone, ara tù ú láàárín ọjọ́ méjì, àmọ́ bí oògùn ṣe tán ló tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ní adìyẹ ló ń dà á láàmú, ẹlòmíràn ní àlìkámà ni. Mo ti pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọṣẹ tí mo fi ń wẹ̀ ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́. Kò sí yọ̀rọ̀ lára rẹ̀, mo ti wò ó dáadáa. Ṣé àlẹ́jì ni? Oúnjẹ wo ni kí n fún un?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́ kúlẹ̀kúlẹ̀ báyìí. Ìdajì iṣẹ́ dókítà ẹran wà lọ́wọ́ ohun tí ẹni tó ni ẹran bá rántí, nítorí aláìsàn gan-an kò lè fọhùn.

Kí n tètè dáhùn èyí àkọ́kọ́: ó jọ àlẹ́jì. Ọjọ́ orí rẹ̀ bá a mu, ibi tó ń yún un bá a mu, bí prednisolone ṣe yára tù ú náà bá a mu. Àmọ́ "ó jọ" ni mo wí o. Nǹkan mẹ́ta mìíràn wà tó jọ ọ́ bí ìbejì: yọ̀rọ̀, èkúrú (àrùn awọ tí kòkòrò ń fà), àti bakitéríà òun yíìsì tó pọ̀ jù lórí awọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì rọrùn láti wò ju àlẹ́jì lọ. Ti oúnjẹ tí ẹ bi mí, mi ò ní dárúkọ oúnjẹ kankan fún yín lónìí. Ẹ pààrọ̀ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù mẹ́jọ, pẹ̀lú prednisolone láàárín rẹ̀. Nígbà tí ara tù ú, ta ló tù ú, oúnjẹ tuntun ni àbí oògùn? Ẹ̀yin náà kò lè mọ̀ mọ́. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ajá rẹ̀ tí kì í ṣe é.

Àlẹ́jì kò ju pé kí ara máa gbógun ti ohun tí kò lè pa á lára lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn ló ṣi eruku, tàbí itọ́ yọ̀rọ̀, tàbí ẹran inú àwo mú ní ọ̀tá. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Wọ́n kàn ń sàmì sí i ni. Tí wọ́n bá tún pàdé lẹ́yìn náà ni ìjà á bẹ́. Ìdí nìyí tí "ó ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré" kò fi lè gba oúnjẹ kankan sílẹ̀ lẹ́jọ́. Ohun tí ajá ti ń jẹ fún ọdún mẹ́ta lè di èèwọ̀ ara rẹ̀ lọ́dún kẹrin. Ti ènìyàn sábà máa ń wọ imú àti ojú: a ó máa sín, ojú á máa ṣomi. Awọ ara ni ti ajá ń wọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ajá kò bá fi èékánná họra, ara kò yún un nìyẹn. Lílá ẹsẹ̀, ara yíyún ni. Kó máa fi eyín gé irun ara rẹ̀ wẹ́wẹ́, kó máa fi ojú ra àga, kó máa fi ìdí wọ́ ilẹ̀, kó máa gbọn orí, ara yíyún ni gbogbo rẹ̀. Ajá onírun funfun tó ń lá ẹsẹ̀, irun ibẹ̀ á pọ́n bí irin tó dípẹtà. Itọ́ ló ń pa á láró. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá bá mi, kí n tó bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, mo máa ń fi ìka méjì la àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí awọ ibẹ̀ gbẹ, kó rí bí awọ ikùn rẹ̀. Bí mo bá bá a tó pọ́n, tó tutù, tó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa ń gbé ìka náà lọ sí imú. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Òórùn kíkan tó dà bí ìwúkàrà búrẹ́dì tó ti pẹ́ jù, yíìsì ló wà níbẹ̀.

Ibi tó ń yún ajá máa ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìdí ìrù àti ẹ̀yìn itan ló ń gé jẹ, yọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ ìpẹ̀kun etí àti ìgúnpá, èkúrú ni. Ẹsẹ̀, inú etí, abíyá, ìsàlẹ̀ ikùn àti ẹ̀gbẹ́ ojú, ti àlẹ́jì nìyẹn, yálà ti oúnjẹ tàbí ti ohun tó ń mí símú tó sì ń fara kàn. Àwọn méjì wọ̀nyí, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyẹn ojú tèmi náà. Bí ìdí rẹ̀ bá ń yún un, tó ń yàgbẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tó ń bì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí tí yíyún náà bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́fà, mo máa ń fi ọkàn sí oúnjẹ díẹ̀ sí i. Díẹ̀ náà ni o.

Ẹ wá ní kò sí yọ̀rọ̀ lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń gbọ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ mi, òun náà ni mi ò sì tètè gbà gbọ́. Kì í ṣe pé ẹ purọ́. Ajá tí ara rẹ̀ kò gba itọ́ yọ̀rọ̀ máa ń fi eyín wá a kiri ara títí yóò fi gbé e mì, nítorí náà ẹni tí yọ̀rọ̀ ń dà láàmú jù ló sábà máa ń mọ́ jù lójú. Ìbùjẹ díẹ̀ sì ti tó láti mú kó họra fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mi ò sọ̀rọ̀ eégbọn o. Eégbọn a di ara mú, á wú, ẹ óò rí i. Yọ̀rọ̀ kéré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ, ó ń sáré láàárín irun, bí ẹ bá sì ní kí ẹ mú un, ó ti fò.

Dípò kí ẹ máa wá kòkòrò náà, ìgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ mú òòyà tí eyín rẹ̀ há mọ́ra, ẹ fi ya irun ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ìdí ìrù, kí ẹ gbọn ohun tó bá jáde sórí bébà funfun tí ẹ ti fi omi rẹ. Bó bá jẹ́ erùpẹ̀ lásán, á wà bó ṣe wà. Bí àwọn hóró dúdú wẹ́wẹ́ náà bá ń yọ́, tí pupa rúsúrúsú ń tàn yí wọn ká, ẹ̀jẹ̀ ajá yín nìyẹn tó ti gba inú yọ̀rọ̀ kọjá. Mo ti ṣe é lójú ẹnìkan tó búra pé ilé òun mọ́ ju ilé ìwòsàn lọ. Ó wo bébà náà, ó wò mí, kò fọhùn.

Bí bébà bá mọ́ náà, mo ṣì máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó ní in. Yọ̀rọ̀ tó ti dàgbà, tó wà lára ẹran, kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 gbogbo èyí tó wà nínú ilé lọ. Ìyókù jẹ́ ẹyin, ìdin, àti èyí tó hun òwú bo ara rẹ̀ tó ń dúró de ìgbà tí yóò di yọ̀rọ̀, nínú ibùsùn, lábẹ́ àga, nínú àlàfo ilẹ̀. Abo kan lè yé ẹyin 40 sí 50 lóòjọ́. Èyí tó wà nínú òwú lè sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, agbára káká sì ni oògùn kankan fi ń wọlé bá a. Ẹ wá rí ìdí tí oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í fi í jẹ́ nǹkan kan. Oṣù 3 gbáko ni, gbogbo ajá àti ológbò inú ilé ló sì kàn, kì í ṣe èyí tó ń họra nìkan. Ajá kejì tó ń sùn fọnfọn lè ní yọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju ti Tanímọ̀la lọ. Àlẹ́jì ni kò ní. Ẹ lo oògùn tó lágbára, irú àwọn tó ní fluralaner, afoxolaner, sarolaner tàbí lotilaner nínú. Bí wárápá bá ti mú ajá yín rí, ẹ sọ fún dókítà kó tó yàn, nítorí àwọn oògùn yìí lè tún gbé e dìde. Bí ológbò bá wà nílé, ẹ ṣọ́ra fún oògùn ajá tó ní permethrin, èyí tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn. Ikú ológbò ni.

Èkúrú ló tẹ̀ lé e, èyí tí kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń fà nígbà tó bá ń wa ihò sínú awọ. Ẹ ká ìpẹ̀kun etí ajá yín po, kí ẹ wá máa fi ọ̀kan ra èkejì bí ẹni ń fọ aṣọ. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbéra tó ń họ afẹ́fẹ́, ẹ fura gidi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fi oṣù mẹ́rin tọ́jú ajá kan fún àlẹ́jì, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Lọ́jọ́ kan, màmá àgbàlagbà tí wọ́n ni ajá náà ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè láti gba ìwé lọ́wọ́ mi, mo sì rí kúrúnà wẹ́wẹ́ lápá wọn, níbi tí ajá máa ń gbé orí lé. Mo ní, "Màmá, ìgbà wo lèyí ti wà níbẹ̀?" Wọ́n ní, "Ó ti tó oṣù mẹ́rin. O ò bi mí." Láti ìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan ajá ni mo ti ń bèèrè bóyá ara ń yún ẹnikẹ́ni nílé.

Kòkòrò yìí gbọ́n. A lè ha awọ ara lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù ká má rí i, kó sì wà níbẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn oògùn yọ̀rọ̀ tí mo dárúkọ lókè ló ń pa òun náà, nítorí náà bí ẹ bá ṣe oṣù 3 yẹn dáadáa, ẹ ti yanjú méjèèjì. Ẹ má ṣe lo ivermectin tí wọ́n ṣe fún màlúù o. Àwọn ajá kan, pàápàá ìdílé Collie, ní àléébù kan nínú àbùdá wọn tó ń jẹ́ kí oògùn náà wọ inú ọpọlọ wọn, ẹ̀kán díẹ̀ sì lè dá wọn dùbúlẹ̀ tàbí kó pa wọ́n.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nídìí ajá tó ń họra, èmi máa ń yí òwe yẹn po: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa làpálàpá ná. Bakitéríà àti yíìsì ń gbé lórí awọ gbogbo ajá láìdá wàhálà sílẹ̀. Bí àlẹ́jì bá ti ba awọ jẹ́, tí lílá sì ń rẹ ẹ́ lómi, wọ́n á pọ̀ sí i, àwọn fúnra wọn á wá di ohun tó ń yún ajá. Kò sí oògùn àlẹ́jì tó lè mú ìyẹn rọlẹ̀ tán. Ẹni tó bá ní oògùn tó gbówó lórí kò ṣiṣẹ́ fún ajá òun, ní ìgbà tó pọ̀ jù, kòkòrò wọ̀nyí ni wọn ò kọ́kọ́ lé. Dókítà yóò lẹ téèpù mọ́ awọ náà, yóò fi òwú nu inú etí, yóò sì wò wọ́n lábẹ́ maikirosíkóòpù. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọn ò bá ṣe é fún Tanímọ̀la rí, ẹ ní kí wọ́n ṣe é.

Ní ti etí tó ń rùn yẹn, ẹ má da nǹkan kan sí i títí ẹnìkan yóò fi wo inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí awọ tó wà nísàlẹ̀ etí bá ti ya, oògùn míì wà tó lè di ajá létí pátápátá. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: ajá tí etí rẹ̀ ń dùn ún lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, àlẹ́jì ló sábà ní, bí kò tilẹ̀ họ ibòmíràn.

Bí yọ̀rọ̀ àti èkúrú bá ti kúrò nílẹ̀, tí òórùn ti lọ, tí ara ṣì ń yún un, ìgbà náà ló kan oúnjẹ. Purótéènì ni ara sábà ń kọ̀. Àwọn tó ṣíwájú ni ẹran màlúù, wàrà àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, adìyẹ, àti àlìkámà. Nítorí náà àwọn olùbádámọ̀ràn yín méjèèjì lè jàre, wọ́n sì lè jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìpààrọ̀ oúnjẹ yín ṣe rí. Àpò tí wọ́n ya ẹja gàgàrà sí níwájú, ẹ yí i padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rá adìyẹ lè wà ní ìlà kẹta. Ẹ lè ti pààrọ̀ àpò lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹ má tíì pààrọ̀ oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àpò tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò ní ọkà nínú, èmi ò rí ìdí tí ẹ ó fi torí ìyẹn nìkan sanwó lé e.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣeé gbára lé ni oúnjẹ ìdánwò, ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán. Ẹ lè lo oúnjẹ tí dókítà máa ń kọ fúnni, tí wọ́n ti gé purótéènì rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi tí ara kò fi ní dá a mọ̀. Ẹ sì lè sè é fúnra yín: ẹran kan ṣoṣo tí kò jẹ rí láyé rẹ̀ àti oúnjẹ oníṣítáàṣì kan. Ajá tó ti dàgbà lè fara da sísè yìí fún ọ̀sẹ̀ 8, àmọ́ bó bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ ẹran gbọ́dọ̀ bá yín ṣètò rẹ̀. Ẹ má dán an wò fún ọmọ ajá.

Ìnira rẹ̀ kò sí nínú sísè. Ó wà nínú pé nǹkan mìíràn kankan kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe egungun, kì í ṣe èérún bísíkíìtì, kì í ṣe oúnjẹ ológbò. Oògùn ìfọyín ajá tó ní adùn adìyẹ, ó ti bà á jẹ́. Hóró oògùn yọ̀rọ̀ tó rùn bí ẹran sísun, òun náà lè bà á jẹ́; láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó fún yín ní èyí tí a ń kán sẹ́yìn ọrùn. Gbogbo ilé ló sì ní ẹnìkan tó ń fi ọwọ́ ránṣẹ́ lábẹ́ tábìlì. Ẹ mọ ẹni náà. Ní ìrírí tèmi, kì í ṣe ọmọdé, baálé ilé ni. Ẹ pe gbogbo wọn jọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì yan ẹnìkan ṣoṣo tí yóò máa bọ́ ajá.

Ká ní ara rẹ̀ wá tutù ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ọ̀pọ̀ á yọ̀, wọ́n á dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ gbọ́dọ̀ dá oúnjẹ àtijọ́ padà fún un. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìkà, àmọ́ ó lè jẹ́ ojú ọjọ́ ló yí padà, ó lè jẹ́ yọ̀rọ̀ ló kú tán. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ni, yíyún yóò padà láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ 2, ẹ ó sì tún gbé e padà sórí oúnjẹ ìdánwò kó balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa fi ẹran kọ̀ọ̀kan kún un, ọ̀sẹ̀ 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹ ó fi mọ èyí tó jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀ gan-an. Bí yíyún kò bá padà, oúnjẹ jàre. Àwọn tó ní kí ẹ fi irun tàbí itọ́ ajá ránṣẹ́ kí àwọn fi mọ oúnjẹ tí ara rẹ̀ kọ̀, owó yín lẹ̀ ń jù sódò. Ti ẹ̀jẹ̀ pàápàá kò ṣeé fi dájọ́ oúnjẹ.

Bí oúnjẹ bá jàre, ohun tó kù ni àlẹ́jì àyíká: kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbé inú eruku ilé, lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti koríko, ohun tó ń bu sára ògiri tó lómi. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta ló sábà ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń rìn nínú ìdílé. Labrador, Golden Retriever, Boxer, French Bulldog àti West Highland White Terrier wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ sí. Kí n má tàn yín, òun ni mo fura sí lára Tanímọ̀la. Kò sí àyẹ̀wò tó ń sọ pé "òun nìyí". Nígbà tí gbogbo yòókù bá ti jáde nílé ẹjọ́ ni a tó ń mọ̀ pé òun ló kù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti awọ wúlò lẹ́yìn náà, láti mọ ohun tí a ó fi po abẹ́rẹ́ tí ń kọ́ ara díẹ̀díẹ̀ kó lè fara mọ́ ohun tó ń bá jà. Abẹ́rẹ́ yìí nìkan ló ń wo àlẹ́jì náà fúnra rẹ̀. Ó lè gba ọdún kan kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó ṣe é, ó sì ń ṣe ju ìdajì àwọn ajá ní oore. Fún ajá ọlọ́dún méjì tó ṣì máa gbé ayé pẹ́, mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n rò ó.

Àwọn oògùn yòókù, yíyún ni wọ́n ń mú rọlẹ̀. Prednisolone kì í ṣe ọ̀tá. Fún ọjọ́ díẹ̀ tí ara gbiná, kò sí èyí tó yá tó bẹ́ẹ̀ tí kò gbówó lórí. Àlòpẹ́ rẹ̀ ló burú: ajá á máa mumi, á máa tọ̀, ebi á máa pa á, iṣan rẹ̀ á rọ, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́, àrùn á tètè ráyè. Bó bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ má dá a dúró lójijì. Oclacitinib ń ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n a kì í fún ajá tí kò tíì pé ọdún kan. Lokivetmab jẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń dí ọ̀nà mọ́ ohun tí awọ ń fi ránṣẹ́ yíyún sí ọpọlọ. Ó ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ajá tó ti ń lo oògùn mìíràn. Ciclosporin dára, àmọ́ ó ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ẹ tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Hóró oògùn àlẹ́jì tí ènìyàn ń lò máa ń mú ajá sùn ju kó wò ó lọ. Àwọn kan nínú wọn ní oògùn tó ń la imú nínú, ìyẹn sì lè pa ajá. Ibuprofen àti paracetamol náà, ẹ má gbé e sún mọ́ ọn.

Ọṣẹ yín, ẹ gbé e kúrò. Awọ ènìyàn ní èròjà kíkan (ásíìdì) ju ti ajá lọ, ọṣẹ wa sì ń gbẹ awọ ajá débi tó fi ń sán. Ẹ lo ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún ajá, èyí tó ní chlorhexidine bí kòkòrò bá ṣì wà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe gbígbóná. Kí ìfófòó rẹ̀ wà lára fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ajá tútù gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bó bá ti ìta wọlé, ẹ fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ikùn, kí ẹ sì gbẹ àárín ìka dáadáa. Ẹ fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú omi tó gbóná tó 60°C. Òróró ẹja ń ṣèrànwọ́ díẹ̀ fún awọ, lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ má lò ó ní ọ̀sẹ̀ oúnjẹ ìdánwò. Ẹ má fi òróró tea tree pa á lára, májèlé ni fún ajá.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, ẹ lè fara balẹ̀ ṣe é. Ọ̀kan wà tí kò gba sùúrù. Bí oyin tàbí agbọ́n bá ta á, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ojú rẹ̀ wú, tí kókó wẹ́wẹ́ sú bo ara rẹ̀ káàkiri, tó wá ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ẹ̀yìn ètè rẹ̀ funfun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀. Ẹ pè wọ́n lójú ọ̀nà kí wọ́n ti máa retí yín.

Fún Tanímọ̀la, bí èmi ó ṣe tò ó nìyí. Lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n wo etí àti awọ rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù, kí wọ́n tọ́jú ohun tí wọ́n bá rí, kí òun àti gbogbo ẹran ilé bẹ̀rẹ̀ oògùn yọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Oúnjẹ tó ń jẹ lónìí, kó má yí padà. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ní alaalẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà kan sí i láti 0 dé 10: 0 ni ajá tí ara rẹ̀ balẹ̀, 10 ni èyí tí kò lè jẹun nítorí yíyún. Ẹ kọ gbogbo ohun tó wọnú rẹ̀ lọ́jọ́ náà àti ibi tó lá jù. Bí nọ́ńbà náà bá ṣì ga lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí awọ rẹ̀ sì ti mọ́, kí oúnjẹ ìdánwò bẹ̀rẹ̀, kí oògùn yọ̀rọ̀ sì máa bá a lọ títí oṣù 3 rẹ̀ yóò fi pé.

Tí ẹ bá sì ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ẹ má wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ má nu etí rẹ̀, bó ti wù kí ojú ń tì yín tó. Ẹni tó fẹ́ wò ó nílò òórùn yẹn.